Gbèsè Okùn: Nípa Bíbọ́ Agódóńgbó Ẹṣin Nínú Ẹ̀ẹ̀rùn

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń bi ara wọn láti ìgbà pípẹ́, tí ó sì yẹ kí àwa olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa gbé yẹ̀ wò dáradára. Ìbéèrè náà ni èyí: ǹjẹ́ a jẹ ẹni tí kò tíì lè ṣe iṣẹ́ kankan fún wa ní gbèsè oúnjẹ? Bí ẹnì kan bá ṣiṣẹ́, gbogbo ayé ni ó gbà pé ó yẹ kí ó jẹun. Kò sí olóko tí kò mọ̀ pé alágbàṣe tí ebi ń pa kò lè kọ ebè dé ìdajì oko. Ṣùgbọ́n kí ni kí a wí nípa ẹni tí kò tíì ṣe nǹkan kan, tí kò sì lè ṣe é títí ọdún méjì tàbí mẹ́ta yóò fi kọjá, tí ó sì jẹ́ pé ní ìgbà tí oúnjẹ wọ́n jù lọ ni ẹnu rẹ̀ ń béèrè jù lọ?

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ àsọfẹ́fẹ́, a ó mú ohun kan tí ojú lè rí ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ náà ni agódóńgbó ẹṣin tí a ti já lẹ́nu ọmú, tí a so mọ́ èèkàn ní ìlú Ìlọrin, nígbà tí òjò ti lọ, tí ọyẹ́ sì ti dé. Ọrùn ta ni bíbọ́ rẹ̀ wà? Nítorí kí ni? Títí dé ibo sì ni?

A mú Ìlọrin nítorí pé ìlú náà àti ẹṣin ti jọ rìn pẹ́. Ní ayé àtijọ́, ẹṣin wà nínú agbára Ọ̀yọ́ Ilé, láti ilẹ̀ àríwá ni wọ́n sì ti ń ra púpọ̀ nínú wọn wá, nítorí pé eṣinṣin tsetse tí ń gbé àìsàn kiri nínú igbó kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé ní ìhà gúúsù. Nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti ya ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ Aláàfin, tí àwọn ọmọ Àlímì sì ti fi ẹsẹ̀ ìjọba mìíràn múlẹ̀ ní Ìlọrin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹlẹ́ṣin ni ọ̀pá ìdúró ogun wọn. Ẹsẹ̀ ẹṣin ni ó gbé ogun wọn sọ̀kalẹ̀ dé Òṣogbo, níbi tí àwọn ará Ìbàdàn ti ṣẹ́gun wọn ní nǹkan bí ọdún 1840. Ní oṣù Fébúárì ọdún 1897, ẹlẹ́ṣin Ìlọrin tún jáde lọ pàdé àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ṣùgbọ́n ẹṣin kò lè dúró níwájú ìbọn arọ̀jò-ọta. Láti ìgbà náà wá, ẹṣin ti fi ojú ogun sílẹ̀, ó di ohun ọlá àti ohun ọdún. Ní àkókò Ìléyá, a ń rí wọn lábẹ́ gàárì tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí àwọn ìjòyè àti ọmọ ilé ńlá gùn wọ́n lọ kí Ọba.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹṣin ń jẹ kò gbòòrò mọ́. Fate jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí ilé ti gba ilẹ̀ wọn bí Ìlọrin ti ń tóbi sí i láti ìgbà tí ó ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní ọdún 1967. Níbi tí ògiri ti ń kan ògiri, tí ọ̀dà sì ti bo ojú ọ̀nà, kò sí pápá tí a lè tú ẹran sí kí ó lọ wá oúnjẹ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá so agódóńgbó mọ́ ẹ̀yìnkùlé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ti di pápá fún un, ó di òjò fún un, ó sì di odò fún un pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣe. Láti oṣù Épírì títí dé oṣù Ọkitóbà ni òjò ń rọ̀ ní Ìlọrin. Nígbà tí Nọ́fẹ́ńbà bá wọlé, koríko a yọ orí, a gbó, a sì gbẹ. Ojú lásán lè rí koríko náà pé ó ga, kí ó sì wí pé oúnjẹ ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n koríko tí ó ti gbó kò yàtọ̀ púpọ̀ sí igi. Oore inú rẹ̀ ti lọ sínú èso àti sínú gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà ni iná oko yóò wá jó èyí tí ó kù. Ọyẹ́ a sì fẹ́, a gbẹ ètè ènìyàn, a gbẹ ojú odò. Oṣù márùn-ún gbáko ni ilẹ̀ fi ń pa ẹnu rẹ̀ dé.

Nísinsìnyí, ẹ wo ẹni tí a so mọ́lẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Abo ẹṣin a máa gbé oyún fún nǹkan bí oṣù 11, ọmọ rẹ̀ a sì máa mu ọmú fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, ọmọ tí a bí nígbà tí koríko ń hù ní oṣù Mèé tàbí Júùnù, ìgbà tí koríko ń kú ni a ń já a lẹ́nu ọmú. Ohun méjì ni ó pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: wàrà ìyá rẹ̀ àti ewé tútù. Bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ kò sì dúró. Kí ó tó pé ọmọ ọdún kan tàbí díẹ̀ lé, yóò ti ga tó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gíga tí yóò ní láyé. Egungun tí yóò gbé ènìyàn ní ọ̀la, nínú ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ yìí ni a ń mọ ọ́n. Ẹṣin àgbà tí ebi pa ní ẹ̀ẹ̀rùn kan lè sanra padà nígbà òjò kí ohun gbogbo sì gún, ṣùgbọ́n èyí tí kò rí oúnjẹ nígbà tí egungun rẹ̀ ń gùn, tirẹ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀ láti tún ṣe.

Kì í sì í ṣe oúnjẹ kan ṣoṣo ni ó ń fẹ́. Koríko ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, pàápàá eéran àti irú koríko tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ tí a gé kí ó tó gbó, tí a sì sá gbẹ. Ìtàkùn ẹ̀pà gbígbẹ dára púpọ̀ fún un, nítorí pé ohun tí ń kọ́ ẹran ara àti èyí tí ń mú egungun le wà nínú rẹ̀ ju ti inú koríko lọ. Èérí ọkà bàbà dára ní ìwọ̀nba, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi èérí nìkan bọ́ ọmọ ẹṣin ń bà á jẹ́, nítorí pé èérí pọ̀ ní phosphorus, kò sì ní calcium tó. Ara yóò wá máa yọ calcium nínú egungun tirẹ̀ láti fi dí àlàfo náà, títí egungun ojú yóò fi wú. Iyọ̀ díẹ̀ yẹ kí ó wà níbi tí yóò ti lá a. Omi sì ń kọ́? Ẹṣin àgbà lè mu lítà 25 sí 40 ní òòjọ́, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Ọmọ a sì máa mu gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀ ti tó. Bí ẹran bá ń jẹ koríko gbígbẹ tí kò sì rí omi mu, oúnjẹ náà yóò dì sínú ìfun rẹ̀, inú rírun yóò sì pa á.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò dí i, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń bá sọ̀rọ̀. Bí agódóńgbó kan bá wọn kílò 150, tí oúnjẹ gbígbẹ tí ń jẹ ní òòjọ́ sì jẹ́ ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, kílò 3.75 ni ojoojúmọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Nọ́fẹ́ńbà títí dé òpin oṣù Mááṣì jẹ́ ọjọ́ 151. Ìlọ́po wọn jẹ́ kílò 566 àti díẹ̀. Ẹrù kékeré kọ́ ni èyí. Ẹni tí ó bá rò pé òun yóò máa rí i lójoojúmọ́ bí òun ti ń lọ, kí ó rántí pé ní oṣù Jánúárì kò sí ibi tí yóò ti rí i mọ́ àfi lọ́wọ́ ẹni tí ó kó o pamọ́ ṣáájú rẹ̀.

Nígbà tí a ti mọ iye rẹ̀ báyìí, a lè wá béèrè ìdí tí ènìyàn yóò fi san án. Ìdáhùn mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́.

Ẹni kìíní wí pé, ‘Nítorí èrè ni. Bí mo bá bọ́ ọ lónìí, yóò gbé mi lọ́la, tàbí kí n tà á ní owó gọbọi.’ Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, àwa kò sì ní fi ẹni tí ó sọ ọ́ ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ká ní ní oṣù Jánúárì, agódóńgbó náà ṣubú sínú kòtò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì rọ débi pé kò lè gbé ènìyàn mọ́ láé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ebi rẹ̀ kò dín sí ti àná. Bí ó bá jẹ́ èrè nìkan ni ó dá gbèsè náà sílẹ̀, a jẹ́ pé gbèsè náà parun ní òru kan ṣoṣo, olówó rẹ̀ sì lè lọ sí oko rẹ̀ kí ó fi í sílẹ̀ lórí ìso kí ebi pa á títí yóò fi kú, láìṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kò sí ọmọlúàbí kan tí ọkàn rẹ̀ kò ní kọ èyí. A kì í sì í kọ ohun tí ó bá jẹ́ òtítọ́. Nítorí náà, èrè lè jẹ́ ìdí tí a fi ra ẹṣin. Kò lè jẹ́ gbogbo ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ bọ́ ọ.

Ẹni kejì wí pé, ‘Nítorí àánú ni.’ Èyí sàn ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò kí ó mọ bí ó ti ń dùn tó. Ní ọdún 1789, Jeremy Bentham, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tí ó yẹ kí a wò lára ẹranko ni bóyá ó lè jìyà, yálà ó lè ronú tàbí ó lè sọ̀rọ̀ tàbí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Immanuel Kant, ará Jámánì, gba ọ̀nà mìíràn, ó ní ẹni tí ń ṣe ìkà sí ẹranko ń sọ ọkàn ara rẹ̀ di líle sí ènìyàn. Arthur Broome, àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà, wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ tí ń gbèjà ẹranko sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1824, gbèsè ẹgbẹ́ náà sì sọ ọ́ sí túbú. Àánú ti ṣe iṣẹ́ ńlá ní ayé.

Síbẹ̀, àánú ní àbùkù kan tí ọ̀rọ̀ ẹṣin yìí fi hàn gbangba. Ojú ni àánú ń bá rìn. Ohun tí ojú kò bá rí, àánú kì í sábà ṣe é. Ní oṣù Ọkitóbà, agódóńgbó náà yó, ara rẹ̀ ń dán, ó ń ta gìrì kiri ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ẹni tí yóò ṣàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù náà gan-an ni a gbọ́dọ̀ gé koríko, kí a sá a, kí a dì í, kí a sì kó o sí orí àjà. Nígbà tí ìhà rẹ̀ bá ti ń ṣe ìgà-ìgà ní oṣù Fébúárì, tí omi sì ń dà lójú gbogbo ẹni tí ń kọjá, koríko wo ni ó kù láti gé? Igi gan-an-gan-an má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ohun tí ó lè mú ènìyàn gbé dòjé nígbà tí kò sí ẹni tí ebi ń pa ní láti jẹ́ ohun tí ó dúró gírí ju àánú lọ.

Èyí ni ó mú wa dé ìdáhùn kẹta, èyí tí àwa gbà. Okùn ni ó dá gbèsè náà sílẹ̀. Ẹ wo ẹtu nínú igbó: bí koríko òkè bá gbẹ, a sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò. Ẹ wo màlúù àwọn Fúlàní: bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, a kó wọn lọ sí ìhà gúúsù níbi tí ewé tútù ṣì wà. Ẹsẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá fún ẹran láti fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bá so ẹran mọ́ èèkàn ti gba ẹsẹ̀ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbà á fún ìlò ara rẹ̀, ẹran náà kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbà á. Nígbà tí ó sì ti gba ẹsẹ̀, ó ti gba ẹnu pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ebi bá pa ẹran yìí, ẹni tí ó di ìdì okùn náà ni ó pa á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbé ọwọ́ sókè.

Ẹ kíyèsí ohun tí ó tẹ̀lé èyí. Gbèsè náà kò dúró de ìgbà tí ẹṣin yóò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí a so okùn ni ó bẹ̀rẹ̀. Kò sì parun nígbà tí ẹsẹ̀ bá rọ, nítorí pé okùn ṣì wà lọ́rùn. Bí okùn bá sì ti kúrú tó ni gbèsè ti ga tó: ẹni tí ẹran rẹ̀ ń jẹ káàkiri pápá ń san díẹ̀, ẹni tí ó so tirẹ̀ mọ́ àárín ògiri mẹ́rin ní Fate ń san gbogbo rẹ̀.

Àwọn ìwé mímọ́ kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Mósè kọ̀ fún wa láti di akọ màlúù lẹ́nu nígbà tí ó ń pa ọkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ràn àríyànjiyàn lè wí pé màlúù yẹn ń ṣiṣẹ́, agódóńgbó kò sì tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wo ìwé Ìhìnrere Lúùkù, níbi tí Olúwa wa ti rán àwọn tí ń bá a jà létí pé kò sí ẹnìkan nínú wọn tí kì í tú ẹran rẹ̀ kúrò níbi tí ó so ó mọ́ ní ọjọ́ ìsinmi, láti fà á lọ mu omi. Iṣẹ́ kò sí ní ọjọ́ ìsinmi. Gbèsè omi sì wà síbẹ̀, nítorí pé ìso wà. Àwọn Mùsùlùmí aládùúgbò wa pẹ̀lú ní hádíìsì kan tí gbogbo ọmọ ilé-kéwú mọ̀, nípa obìnrin kan tí a dá lẹ́bi nítorí ológbò tí ó sé mọ́lé: kò bọ́ ọ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá oúnjẹ tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà méjì ni obìnrin náà ní? Kí ó bọ́ ọ, tàbí kí ó tú u sílẹ̀. Kò sí ọ̀nà kẹta.

Ẹnìkan lè dìde wàyí kí ó wí pé, ‘Ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ènìyàn ń sùn nínú ebi ní ìlú kan náà. Ṣé kí a gba ọkà lẹ́nu ọmọ kí a gbé e fún ẹṣin ọlọ́lá?’ Ìbéèrè gidi ni èyí, kò sì yẹ kí a fò ó dá. Àwa ní ìdáhùn méjì sí i.

Ìkíní ni pé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ẹṣin jẹ́ ohun tí ènìyàn kì í jẹ. Kò sí ọmọ tí ń jẹ eéran. Kò sí ìyá tí ń fi ìtàkùn ẹ̀pà se ọbẹ̀. Ẹ̀pà ti wọ inú àwo kí ìtàkùn rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹṣin, ọkà sì ti di ọkà lílọ̀ kí èérí rẹ̀ tó kù. Ẹni tí ó bá kó nǹkan wọ̀nyí jọ ní àkókò wọn, ọkà díẹ̀ ni ẹṣin rẹ̀ yóò béèrè. Ọ̀lẹ tí kò gé koríko ní Ọkitóbà ni ó ń bá ọmọ ènìyàn du ọkà ní Fébúárì.

Èkejì ni pé, bí ó bá di pé ọkà kan ṣoṣo ni ó kù, tí ọmọ ń sunkún tí ẹṣin sì ń wo ojú ẹni, ọmọ ni kí a fún. Àwa kò ní ṣe iyè méjì lórí èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun lè dé ibẹ̀ kò yẹ kí ó so ẹṣin mọ́lẹ̀ rárá, tàbí bí ó bá ti so ó, kí ó tà á fún ẹni tí ó lágbára nígbà tí ó ṣì sanra, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé. Kò sí ìtìjú nínú títà á. Ìtìjú wà nínú dídi ẹran mú nítorí kí a má baà wí pé lágbájá kò ní ẹṣin mọ́. Ebi tí ìgbéraga ẹnìkan fi ń pa ẹ̀dá mìíràn burú ju ebi tí ilẹ̀ gbígbẹ mú wá lọ.

Irú ìbọ́ni kan sì tún wà tí ó dà bí oore ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ìparun. Ìléyá ń tẹ̀lé òṣùpá, nítorí náà a máa fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣí lọ́dọọdún. Ní ọdún 2025, ó bọ́ sí ọjọ́ kẹfà oṣù Júùnù, èyí tí kò jìnnà sí òpin ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, ìdẹwò wà fún ẹlẹ́ṣin láti gbàgbé ẹran rẹ̀ láti Dìsẹ́ńbà títí dé Mááṣì, kí ó wá máa da ọkà sí i lẹ́nu bí ọjọ́ ọdún ti ń súnmọ́ etílé, kí ìhà rẹ̀ lè bò kí àwọn ènìyàn tó wò ó. Àpòlúkù ẹṣin kéré sí ara rẹ̀, Ẹlẹ́dàá sì dá a láti máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀pọ̀ wákàtí ọ̀sán àti òru. Kò lè bì. Bí ọkà púpọ̀ bá dé bá a lójijì, inú rírun lè pa á, tàbí kí ooru bọ́ sí pátákò rẹ̀ kí ó má lè rìn mọ́. Èyí tí ebi ti pa débi pé egungun rẹ̀ yọ, bí a bá fún un ní àjẹyó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó lè kú níwájú oúnjẹ náà. Koríko díẹ̀ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí a máa fi kún un láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ìtàkùn ẹ̀pà tí ó ti bu pẹ̀lú, kò yẹ kí a gbé e fún un, nítorí májèlé wà nínú èébu rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọkàn rere tí kò ní ìmọ̀ lè pa ẹran tí ọkàn búburú kò rí pa.

A kò sì sọ pé ẹni tí ó bá ṣe ohun gbogbo tí ó tọ́ ni yóò rí i kí ẹran rẹ̀ yè. Ní ilẹ̀ Mongolia, níbi tí àwọn darandaran ti ń fi ẹṣin, màlúù àti àgùntàn gbé ayé wọn, òtútù ọdún 2009 sí 2010 bo koríko mọ́lẹ̀ lábẹ́ òjò dídì, ó sì pa ẹran tí iye wọn ju mílíọ̀nù 8 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó wọn ti kó koríko pamọ́. Òtútù náà pọ̀ ju ohun tí wọ́n kó lọ ni. A kò lè dá irú wọn lẹ́bi. Gbèsè okùn kò béèrè pé kí a jẹ́ Ọlọ́run. Ó béèrè pé kí a ka ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn kí ó tó dé, kí a sì kó ohun tí ọwọ́ wa bá ká.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ ti lè máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, kò sì sí olùkọ́ tí kò tíì rí ọmọ tí ń wo pátákó lójú lásán nítorí pé kò jẹun kí ó tó ti ilé wá. Èyí jẹ́ ebi ikùn. Ebi ọpọlọ wà pẹ̀lú. A pe ọmọ sínú iyàrá, a ti ilẹ̀kùn, a ní kí ó jókòó kí ó má sì rìn kiri. Bí ó bá wà ní oko pẹ̀lú baba rẹ̀, yóò máa kọ́ nǹkan ní ìdí ebè. Bí ó bá wà ní ọjà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, yóò máa kọ́ ìṣirò owó. Àwa ni a so ó. Bí a kò bá wá ní nǹkan kan láti fún un láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ títí di ọ̀sán, a ti jẹ gbèsè. Ẹni tí ó sì jẹ́ kí ọmọ ṣòfò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí ó wá ń rọ́ ìwé sí i lórí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìdánwò, ọ̀kan náà ni òun àti ẹlẹ́ṣin tí ń da ọkà sílẹ̀ nítorí ọjọ́ ọdún.

Ibì kan ṣoṣo ni àpẹẹrẹ yìí ti dópin, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. A ń bọ́ agódóńgbó kí ó lè gbé wa, okùn rẹ̀ yóò sì wà lọ́wọ́ wa títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń bọ́ ọmọ ènìyàn kí ó lè dá dúró, okùn tí a fi so ó sì jẹ́ èyí tí àwa fúnra wa gbọ́dọ̀ tú ní ọjọ́ kan. Bí a bá jẹ ẹran tí kì yóò gba òmìnira láéláé ní gbèsè tó báyìí, ẹ rò ó wò bí èyí tí a jẹ ọmọ yóò ti pọ̀ tó.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yin tí a lè rán lọ gé koríko fún ẹran ilé baba yín ní ọjọ́ Sátidé, ẹ má ṣe ka iṣẹ́ náà sí ohun yẹpẹrẹ. Ní ààfin Ọ̀yọ́, oyè ńlá ni oyè Ọlọ́kùn-ẹṣin, ẹni tí a fi okùn ẹṣin Ọba lé lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí, nítorí pé ẹni tí okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dàgbà tí ẹ sì ní owó, tí ọkàn yín bá fà sí agódóńgbó kan tí ń ta gìrì nínú koríko tútù, ẹ kọ́kọ́ wo orí àjà yín kí ẹ tó wo ẹwà rẹ̀. Ẹ ka ìdì koríko tí ó wà níbẹ̀, ẹ ka ọjọ́ tí ó wà láàárín Nọ́fẹ́ńbà àti Mááṣì. Bí iye méjèèjì bá bá ara wọn mu, ẹ lọ so okùn náà. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tí ó ní koríko so ó.